Ta Ló Fún Sísí Ní Májèlé?

Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ni. Ojú adìẹ kì í sọ nǹkan kan fún èèyàn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ kò mọ irọ́ pa. Èyí tó wà níwájú mi láàárọ̀ Sátidé yẹn ní àwọ̀ ewé, ó ṣàn bí omi, ó sì ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ ìdí adìẹ náà.

Adìẹ pupa ni. Ó dúró ti ògiri ẹ̀yìn ilé, apá rẹ̀ méjèèjì já wálẹ̀, ogbe orí rẹ̀ ti ṣì, ó dijú bí ẹni tí oorun ń kùn. Sísí lorúkọ rẹ̀. Hephzibah, ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà nínú ilé náà, ló sọ ọ́ lórúkọ.

"Aunty Tẹ́ní, ṣé ẹ rí i báyìí?" Bámgbóyè ni, bàbá Hephzibah. "Àwọn méjì yòókù ti kú. Obìnrin yẹn ló fún wọn ní májèlé. Ó ti kúrò lórí adìẹ, ó ti dé orí ọmọ mi."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fẹ́ǹsì, níbi tí ilé aládùúgbò rẹ̀ wà.

Tẹ́ní Oyèkànmí lèmi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Ní báyìí, àwọn lọ́yà ní Lawrenceville ló ń gbà mí láti wádìí àwọn tó ń dọ́gbọ́n àìsàn lẹ́yìn ìjàm̀bá mọ́tò, irú ẹni tó ní ọrùn òun kán tí mo sì bá níbi tó ti ń jó. Irọ́ àwọn èèyàn ni mo fi ń jẹun, ebi kò sì tíì pa mí rí. Kẹ́mi, ìyàwó Bámgbóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló pè mí.

"Aunty mi, Hephzibah ò jẹun mọ́. Inú ń run ún. Orin tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kéré, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún wa. Pásítọ̀ ní ọ̀tá ni. Dáádì rẹ̀ ní aládùúgbò wa ni, ó fẹ́ lọ sí court lọ́jọ́ Monday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó kí n má pàdánù ọmọ mi."

Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe wa mọ́tò dé Decatur, kì í ṣe nítorí adìẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá mọ ohun tó ń pa adìẹ, bóyá mo máa mọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Bámgbóyè fúnra rẹ̀ ló so àìsàn méjèèjì pọ̀. Nínú gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ló bọ́gbọ́n mu.

"Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́?" mo bi í.

"Wọ́n wá. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ wo adìẹ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí mi ò bá ní ẹ̀rí, kí n jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Ìdí tí mo fi gbà kí Kẹ́mi pè yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹ̀rí jọ."

"N kì í bá ẹni tó ti dájọ́ tán kó ẹ̀rí jọ."

Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, accountant ni níbi iṣẹ́, kò mọ́ ọn lára kí obìnrin dá a lóhùn báyìí. Ṣùgbọ́n àna mi ni, mo ṣì ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

"Kí lẹ rí lọ́wọ́ obìnrin náà gan-an?"

"Olórìṣà ni, Aunty. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọn ò bí i sí ilẹ̀ wa, ó lọ sọ ara rẹ̀ ní Fọláṣadé. Aṣọ funfun ló ń wọ̀ káàkiri."

"Aṣọ funfun kì í pa adìẹ."

"Ó máa ń ju nǹkan wọ inú àgbàlá wa. Mo ya fọ́tò rẹ̀." Ó na fóònù sí mi. Mo fẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Èèpo watermelon ni, adìẹ sì ti ṣá a jẹ dé ibi funfun.

"Ó kù síbì kan," mo ní. "Èèyàn kì í tìtorí èèpo watermelon lọ sí court."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé yìí, kí Mama tó wá láti Nàìjíríà, ó na ọrùn lórí fẹ́ǹsì, ó ní ilé yìí máa sọ ọmọ mi di aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹ wá wo ọmọ náà lónìí."

Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Nínú gbogbo ẹjọ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ló ní eegun. Ẹni tó bá sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà: bóyá òun ló ṣe é, tàbí ó mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀.

"Kí lẹ ń ṣe nígbà tó sọ ọ́?"

"Mo ń ṣiṣẹ́ lára ilé mi. Kí ni ti ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo kàn ń bèèrè ni."

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mama, ń gbálẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Ìgbálẹ̀ tó gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló mú dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá a láti ìdí ògiri bọ̀ wá síbi fẹ́ǹsì. Gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yẹn ló ní koríko lẹ́yìnkùlé. Ti Mama nìkan ni ilẹ̀ pupa lásán, tó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Tẹ́ní, o káre. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà. Koríko tó wà níbí dà?"

"Mo ti hú u dànù. Nígbà tí mo dé, igbó ló yí ilé ọmọ mi ká. Odindi ọmọ mi, kó máa gbé inú igbó. Ṣé kí ejò wá bu ọmọ ṣán ni? Mo hú u títí ó fi tán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbá a láràárọ̀, ká lè mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé ibẹ̀."

Ó kó pàǹtí tó gbá jọ sínú páànù àtijọ́ kan, ó lọ dà á sí kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ. Òkìtì kékeré ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Adìẹ tí kò ní ààtàn, kí ló fẹ́ máa ṣe látàárọ̀?" ó ní. "Oúnjẹ inú àpò ni wọ́n ń rà fún wọn níbí. Orí ààtàn ni adìẹ tiwa ti ń jẹ̀, ara wọn sì ń dá ṣáṣá."

Sísí wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí òkìtì náà, ó fẹsẹ̀ wa á lẹ́ẹ̀kan, ó ṣá nǹkan kan jẹ, ó tún dijú.

Mo yẹ àpò oúnjẹ adìẹ wò. Kò bu, kò rùn. Mo bèèrè oògùn eku, wọ́n ní àwọn ò lò ó rí. Mo wo abẹ́ ìyẹ́ Sísí bóyá kòkòrò iná tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì tẹ ikùn rẹ̀ bóyá ẹyin ló há sí i. Kò sí ìkankan. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́, egungun àyà rẹ̀ yọ ṣóńṣó. Mo fi ìka mi sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè dì í mú. Àpò tó wà ní ọ̀fun rẹ̀, níbi tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ dúró sí, ṣì kún, bẹ́ẹ̀ Mama ní láti àná ni kò ti jẹ oúnjẹ àpò.

Ebi kọ́ nìyẹn, òtútù kọ́ sì ni. Ohun kan ti wà nínú adìẹ yìí tó ń rọ iṣan rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ ẹyin wọn, Mà?"

"Hephzibah, ọmọ mi kékeré ni. Kẹ́mi ti máa ń wà lójú ọ̀nà shift kó tó rántí pé òun ní ikùn. Ọkọ rẹ̀ ní ẹyin ń fẹ́ òun nínú. Èmi, dókítà ti kà á léèwọ̀ fún mi nílé. Láyé tiwa, wọn kì í fún ọmọdé lẹ́yin, wọ́n ní á jalè. Mo ní ọmọ-ọmọ tèmi máa jẹ ẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń sè é fún un." Ó gbọn ìgbálẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Látìgbà tó ti ń rù, mo ti sọ ọ́ di méjì. Èyí tí mo kó pamọ́ sínú fíríìjì ló ṣì ń jẹ."

Hephzibah yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú àwo kékeré kan lọ́wọ́. Nígbà Kérésì tó kọjá, ọmọ yìí sọ̀rọ̀ títí mo fi wá ibi sá sí. Lónìí, ó wò mí, ó ní, "Ẹ káà," ó sì dúró, ó ń wá ìyókù rẹ̀. Kò rí i. Ó na àwo sí Mama.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí Mama má sè ẹyin kankan lónìí. Mama ṣe bí ẹni pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Fọláṣadé ti ń wò mí láti ojú fèrèsé kí n tó kanlẹ̀kùn rẹ̀. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó wọ funfun lóòótọ́, ó sì wọ ẹ̀gbà òjé sọ́rùn ọwọ́, irú èyí tí àwọn olúsìn Ọbàtálá máa ń wọ̀. Ó fi ìkúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀, Mà," dáadáa ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe ń kí èèyàn lọ. Gẹ̀ẹ́sì la fi sọ ìyókù.

"Ṣé ẹ̀yin ni ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n rán sí mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń pa adìẹ wọn."

Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Adìẹ mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n sanra, ogbe orí wọn pupa, wọ́n ń jẹ̀ nínú koríko. Àpò oúnjẹ tó wà nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Bámgbóyè. Láàárín adìẹ tó ń kú àti èyí tó ń sanra, fẹ́ǹsì pákó kan ṣoṣo ló wà.

"Kí lo sọ fún Bámgbóyè lórí fẹ́ǹsì yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀. "Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró síwájú ilé mi, wọ́n ń képe iná lé mi lórí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ń kọjá. Ẹ lọ bi í ohun tó mú lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bá a sọ̀rọ̀. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo tún gégùn-ún."

"Ìwọ kọ́ lo fún wọn ní nǹkan jẹ, àbí?"

"Mo fún wọn ní watermelon. Àánú wọn ṣe mí, kò sí ewé kankan fún wọn níbẹ̀ mọ́." Ó kọ ojúlé dókítà ẹran kan sórí fóònù mi. "Ibí ni mo máa ń gbé tèmi lọ. Ẹ gbé e lọ lónìí. Ẹ má dúró de Monday."

Èmi tó ti ń ti inú irọ́ yọ owó oúnjẹ mi bọ̀ látọjọ́ yìí wá, mo mọ bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ ṣe máa ń lé ẹni tó ń wádìí lọ. Obìnrin yìí ń tì mí síbi ìwádìí ni.

Mo tẹ́ tówẹ̀lì sínú páálí, mo gbé Sísí sí i, mo fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kán an lẹ́nu. Kẹ́mi gbé páálí náà lé itan nínú mọ́tò mi. Bámgbóyè ń wa tirẹ̀ tẹ̀ lé wa. Ó ní òun fẹ́ kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé májèlé ni.

Ó rí ohun tó ń wá. Dókítà Clara, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ya x-ray adìẹ náà, ó gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Nínú iwe Sísí, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ń tàn funfun bí iyọ̀.

"Òjé ni," ó ní. "Májèlé òjé, lead. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ ẹ́."

"Mo wí," ni Bámgbóyè sọ. Ìdùnnú wà lóhùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń kú lọ nílé, ìdùnnú wà lóhùn rẹ̀. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Dókítà fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fọ àpò ọ̀fun Sísí, ó yọ èérún kan jáde, ó jù ú sínú ìgò kékeré, ó gbé e fún mi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Kẹ́mi, ó bi í bí ẹni tó ń bèèrè aago: "Ṣé ẹnikẹ́ni máa ń jẹ ẹyin rẹ̀?"

Kẹ́mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí àga níbẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́," mo dáhùn fún un. "Láràárọ̀."

"Òjé máa ń wọnú ẹyin. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí hospital, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé. Ẹ lọ báyìí. Ẹ fi adìẹ sílẹ̀ fún mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ tó máa fà á jáde."

Kẹ́mi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, ó sáré lọ gbé ọmọ rẹ̀. Èmi wọ mọ́tò Bámgbóyè. Ibi tó yẹ kó kọjú sí ni hospital, ó ní àgọ́ ọlọ́pàá lòun ń lọ.

"Òjé, Aunty. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Kí ló wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn? Ẹ̀gbà òjé. Ó ń gé e wẹ́wẹ́ sínú watermelon ni. Ẹ̀rí dé."

Kí n má purọ́, ó bá ara mu. Ẹlòmíì ì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ìgò kékeré náà jáde, mo gbé e síwájú oòrùn. Èérún inú rẹ̀ tinrin bí ìpẹ́ ẹja. Ojú kan funfun, ojú kejì ní àwọ̀ ewé.

"Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ yẹn," mo ní. "Mo fẹ́ ra nǹkan kan."

Mo ra ìgò àyẹ̀wò kékeré kan, èyí tó máa ń pọ́n bí o bá fi ra ohun tó ní òjé. Nígbà tí a dé ilé, Kẹ́mi ti gbé ọmọ lọ. Mama nìkan ló dúró láàárín àgbàlá, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbálẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi," mo bi Bámgbóyè. "Lọ́jọ́ tí Fọláṣadé bá yín sọ̀rọ̀ lórí fẹ́ǹsì, kí lẹ mú lọ́wọ́?"

"Mi ò rántí."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe lára ilé?"

Ó wo ògiri. Mama ló dáhùn, ó sì fi ìgbéraga dáhùn, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Ògiri ló ń họ. Àwọ̀ ewé ni ilé yìí tẹ́lẹ̀, pẹ́ńtì àtijọ́, ó ti ń ṣí. Ọmọ mi gun àkàbà, ó fi irin họ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó kun ún ní tuntun dè mí. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Gbogbo àdúgbò mi ni mo fi hàn."

Mo lọ síbi ààtàn tó wà ní kọ̀rọ̀. Mo da omi ìgò àyẹ̀wò sórí òwú rẹ̀, mo fi ra pàǹtí. Òwú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo fi ra ilẹ̀ ìdí ògiri. Ó pọ́n. Mo fi èékánná họ pẹ́ńtì tuntun lẹ́nu igun ilé, funfun àti àwọ̀ ewé yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé èérún inú ìgò dókítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Ẹ̀gbà òjé kì í ní pẹ́ńtì lára, Dáádì Hephzibah. Ilé àtijọ́ nìyí, pẹ́ńtì ayé ìgbà yẹn ní òjé nínú. Ohun tí obìnrin yẹn ń sọ fún yín nìyẹn, kì í ṣe èpè. Ó rí irin lọ́wọ́ yín, ó rí i tí pẹ́ńtì ń já bọ́ sínú koríko, ó ní ẹ dáwọ́ dúró, ilé yìí máa sọ ọmọ yín di aláìsàn. Ẹ gbààwẹ̀ lé e lórí."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri.

"Koríko bo èérún náà mọ́lẹ̀ nígbà yẹn," mo ń bá a lọ, mi ò sì lè wo Mama bí mo ṣe ń sọ ọ́. "Lẹ́yìn náà ni koríko kúrò. Ilẹ̀ ṣí. Wọ́n ń gbá èérún jọ láti ìdí ògiri, wọ́n ń dà á sórí ààtàn, adìẹ ń ṣá a jẹ, ó ń wọnú ẹyin. Àgbà mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí tí kò jẹ ẹyin, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹni kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Mama. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ó wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò mú un, kò sì nàró.

"Mo sọ ọ́ di méjì," ó ní. "Tẹ́ní, èmi ni mo sọ ọ́ di méjì."

Ní hospital, wọ́n ní òjé inú ẹ̀jẹ̀ Hephzibah ga gan-an. Wọ́n dá a dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó máa fà á jáde, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti adìẹ. Dókítà rẹ̀ ní ti inú ẹ̀jẹ̀ máa lọ sílẹ̀. Ohun tó ti ṣe lórí ọpọlọ, ó ní ká máa wò ó. Mo ti gbọ́ "ká máa wò ó" lẹ́nu àwọn dókítà rí. Wọn kì í sọ ọ́ níbi ìròyìn ayọ̀.

Bámgbóyè wà ní kọ́rídọ̀, fóònù wà létí rẹ̀. Pásítọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mama jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku pupa ṣì wà létí ìró rẹ̀.

"A ti mọ ibi tó ti wá, sà. Rárá sà, kì í ṣe obìnrin yẹn. Inú ilé ni." Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. "Ìyá mi ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà."

Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi pa fóònù. Ọ̀wọ̀ àna ti tán lẹ́nu mi.

"Ta ló họ pẹ́ńtì, Bámgbóyè?"

"Aunty, tí Mama ò bá gbá ilẹ̀ yẹn, ṣé pẹ́ńtì máa fẹsẹ̀ rìn wọnú adìẹ ni?"

"Wọ́n kìlọ̀ fún ọ. Ta ló kìlọ̀ fún Mama? O fi ẹ̀bi lé obìnrin aládùúgbò lórí, kò dúró. O wá gbé e lé ìyá rẹ lórí. Irú ọkùnrin wo ni ọ́? Ṣé àfi kí obìnrin tán nílẹ̀ kó tó kàn ọ́ ni?"

Mama fa ọwọ́ aṣọ mi. "Fi í sílẹ̀, Tẹ́ní."

"Mà, irọ́ ló ń pa."

"Mo mọ̀. Fi í sílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, sọ pé èmi ni. Mo ti dàgbà, mo ń padà sílé, ta ló máa bá mi wí níbẹ̀? Òun ló máa dúró tì wọ́n. Tí Kẹ́mi bá mọ̀ pé ọkọ òun ni, ilé á tú."

Mi ò gbà. Iṣẹ́ mi kọ́ ni láti bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Mo wọlé lọ bá Kẹ́mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sọ ọ́ fún un láti orí dé ìdí: irin, pẹ́ńtì, ìkìlọ̀ orí fẹ́ǹsì. Kò wo ojú mi. Irun ọmọ rẹ̀ ló ń fọwọ́ tẹ́.

"Mo mọ̀, Aunty," ó ní. "Èmi ni mo di àkàbà mú fún un. Mo gbọ́ nígbà tí Fọláṣadé ń sọ ọ́. Àwa méjèèjì la fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó wọlé."

Mo dúró, mo ń retí ìyókù.

"Mama ti wá sọ fún mi pé òun gba ẹ̀bi náà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mo ti mú olè, mo ti mú apààyàn, mi ò tíì wádìí ẹjọ́ tí gbogbo ilé jẹ̀bi rẹ̀ tí wọ́n sì fẹnu kò láti gbé e ru ẹni kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan. Òfin kò ní orúkọ fún un. Mi ò rí ẹni tí mo máa mú.

Sísí yè. Fọláṣadé ló lọ gbà á lọ́dọ̀ Dókítà Clara, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ rí i nínú ilé náà mọ́. Ó ti ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ogbe rẹ̀ ti ń pọ́n, ó tún ti ń yé. Gbogbo ẹyin tó bá yé ni Fọláṣadé ń kó dànù, dókítà ní ó máa pẹ́ kó tó mọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì lọ bẹ obìnrin náà. Bámgbóyè jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá, ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi.

Bámgbóyè ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Mama. Ìpàdé àwọn díákónì bọ́ sí ọjọ́ ìrìn àjò náà, èmi ni mo wá gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n ti tẹ́ koríko tuntun sórí gbogbo àgbàlá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá yẹ ilẹ̀ wò ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mama dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ń wo koríko náà bí ẹni tí wọ́n lé jáde nínú oko rẹ̀.

Hephzibah jáde wá. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní hospital, ara rẹ̀ ti ń sanra díẹ̀. Àwo kékeré rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, á ní, "Mama, ẹyin mi dà?" Kò sọ ọ́. Ó kàn na àwo náà sókè, ó ń dúró.

Mama gba àwo náà, ó nu ún mọ́ ìró rẹ̀, ó dá a padà fún un lófìfo.

"Adìẹ ti lọ, ọmọ mi," ó ní. "Èmi náà ń lọ."